Ẹni Tí Yóò Bá Igi Lọ

Ẹ̀rọ Agbégi ti na apá rẹ̀ méjèèjì yí ìdí igi Sùúrù ká kí Ìbídàpọ̀ tó sáré dé ibẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu: ọ̀tún dúdú, òsì pupa, ti ọkọ rẹ̀ sì ni pupa náà. Korobá tó gbé dání ń da omi sí i lẹ́sẹ̀ bó ti ń sá bọ̀ nínú yìnyín.

"Dúró! Ìwọ ẹ̀rọ yìí, mo ní kó o dúró! Ṣé o ò rí i pé omi ṣì ń kán lára ẹ̀ ni?"

Ẹ̀rọ náà dúró. Ó ga ju ilé alájà méjì lọ, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló fi ń rìn, síbẹ̀ ó tẹrí ba bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa," ó wí, ohùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́. "N kò fẹ́ fà á tu. Mo kàn ń wò ó láti mọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ gbòòrò dé ni."

"Ta ló ní kó o wò ó?"

"Èmi ni, mà."

Ọmọbìnrin kan yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lọ́rùn rẹ̀, orúkọ Àjọ Ìṣípò Igi lára àpò àyà rẹ̀. Kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì rì sínú yìnyín. "Ẹ káàárọ̀, mà. Mosúnmọ́lá lorúkọ mi. Mo kan ilẹ̀kùn yín lẹ́ẹ̀kan, bàbá dáhùn látinú ilé pé ẹ ti wọ oko."

"Ṣé wọ́n dìde?"

"Rárá o, mà. Ohùn wọn ni mo gbọ́."

Ọkàn Ìbídàpọ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó gbé korobá sílẹ̀, ó fọwọ́ pa ara igi náà níbi tí apá ẹ̀rọ ti kàn án, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọmọ òun ti fara pa. Gbogbo igi tó wà nínú oko náà ló ní orúkọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ wọ́n. Sùúrù nìyí, tí kì í yára sun, tí kì í sì í tètè gbẹ. Alágídí ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọn kì í lu ihò sí lára láti gba omi rẹ̀ títí wọn á fi bẹ̀ ẹ́. Òjòwú ń bẹ lọ́wọ́ òsì, tí omi rẹ̀ máa ń korò díẹ̀ bí wọ́n bá kọ́kọ́ lu ẹlòmíràn. Mẹ́tàlélógójì ni gbogbo wọn. Àwọn tó ni ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́ ń pe irú igi bẹ́ẹ̀ ní mépù, ṣùgbọ́n igi adùn ni àwọn ará Òkè-Adùn ń pè é, láti ìgbà tí òkun ti gba etíkun lọ́wọ́ àwọn bàbá bàbá wọn, tí wọ́n fi kó ara wọn wá sí ilẹ̀ òtútù.

"Dìde, ọmọ mi," Ìbídàpọ̀ sọ. "Omi yìnyín á wọ̀ ọ́ léegun."

Mosúnmọ́lá dìde, ó yọ nǹkan kan nínú àpò rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Ewé tí wọ́n fi bàbà rọ ni, kò ju èékánná lọ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

"A máa so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ wọn lára, mà. Òun lá máa sọ fún Agbégi lójú ọ̀nà bóyá òùngbẹ ń gbẹ igi, bóyá ẹ̀rù ń bà á."

"Ẹ̀rù a máa ba igi, ìyá wa," ẹ̀rọ náà dá sí i.

"Èmi mọ̀," ni Ìbídàpọ̀ wí. "Ìwọ ni mi ò mọ̀ pé o mọ̀." Ó yí ewé náà sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ kó wọn?"

"Ọ̀la, mà, kí oòrùn tó wọ̀. Tí ọjọ́ bá tún móoru báyìí lẹ́ẹ̀mejì sí i, ewé á yọ. Igi tó bá sì ti rúwé kò ṣeé ṣí nípò mọ́, ojú ọ̀nà ló máa kú sí."

"Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Mosúnmọ́lá wo ẹ̀ka igi lókè, ibi tí yìnyín ti ń yọ́, tó ń já bọ́ sílẹ̀ pọ́tọ́-pọ́tọ́. "Òtútù ti ń kúrò níbí, mà. Ẹ̀yin gan-an mọ̀."

Ìbídàpọ̀ mọ̀. Òru tó dì àti ọ̀sán tó móoru, àwọn méjì yìí ni wọ́n ń fa omi sókè nínú igi adùn. Tí òru ò bá dì, igi ò sun nìyẹn. Lọ́dún tó wọlé ọkọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni omi fi sun. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni.

"Ta ni yóò bá wọn lọ?" ó béèrè, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ ìdáhùn. Ó ti rí i lójú ọmọ náà látìgbà tó ti kúnlẹ̀.

"Orúkọ yín nìkan ló wà nínú ìwé wa, mà. Ọdún mẹ́ta ni."

"Ọkọ mi ńkọ́?"

"Kò tíì sí ilé ìmí lọ́hùn-ún tí wọ́n á ti máa fọ ẹ̀dọ̀fóró wọn."

Omi ń kán sínú korobá Sùúrù, kín, kín, kín.

"Ẹ̀rọ yín yìí gbọ́n tó báyìí," Ìbídàpọ̀ wí níkẹyìn, "kí ni wọ́n ń fi arúgbó bíi tèmi ṣe?"

"Mo gbọ́n, ìyá wa," Agbégi dáhùn, "ṣùgbọ́n n kò mọ̀ wọ́n."

Mosúnmọ́lá ló wá là á yé e. Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà ní ìhà gúúsù tó ní igi adùn ẹgbẹ̀rún méje. Páìpù ni wọ́n fi so gbogbo wọn pọ̀, ẹ̀rọ ló ń fa omi wọn, kò sí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Nígbà tí Àjọ ṣí wọn lọ sí òkè, kò sí ẹnì kan tó lè sọ èyí tó ń fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, èyí tí omi púpọ̀ ń pa, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sinmi. Ìgbà òtútù kan péré, gbogbo ẹgbẹ̀rún méje ló gbẹ. "Ṣùgbọ́n àwọn oko kékeré, mà, tí ẹni tó ń lù wọ́n bá tẹ̀ lé wọn, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè. Ìdí tí wọ́n fi ṣòfin nìyẹn. Igi kì í lọ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Bí mo bá kọ̀?"

"A ò ní fipá mú yín. Wọ́n á dúró síbí."

"Wọ́n á dúró síbí kú, àbí?"

Ìbídàpọ̀ gbé korobá rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà ilé.

Láti ọ̀nà náà, ó ń wo ilé ìmí lọ́ọ̀ọ́kán. Ilé funfun ni, kò tóbi, owó oyin igi ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ọkọ̀ òfurufú akẹ́rù ń yà sí Òkè-Adùn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nítorí oyin tí wọ́n ń fi omi igi adùn sè nínú ebu Ìbídàpọ̀ ni. Láti ìgbà tí kòkòrò oyin ti tán láyé, oyin igi tí wọ́n fi ọwọ́ sè ló kù tí wọ́n lè fi kan ahọ́n ọmọ tuntun níjọ́ ìsọmọlórúkọ, káàkiri ibi tí Yorùbá tẹ̀dó sí. Ẹ̀rọ ń ṣe adùn mìíràn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi adùn ẹ̀rọ wúre fọ́mọ? Nítorí náà ni ọkọ̀ fi ń yà, òun ló ń já oògùn sílẹ̀ fún ilé ìmí, tó ń já aṣọ àti irinṣẹ́ sílẹ̀ fún ogún ilé tó ń ṣiṣẹ́ nínú ebu náà. Igi méjì-mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé àwọn yòókù kò ṣeé ṣí nípò. Gbòǹgbò wọn ti wọ abẹ́ ilé. Oko Ìbídàpọ̀ nìkan ló yege.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀. Àjàní jókòó gẹlẹtẹ síwájú ìdáná, ó fẹ̀yìn ti ògiri, igbá afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páìpù inú rẹ̀ wà ní imú rẹ̀. Kẹ́tùlù wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Yé! Baba Ẹniọlá! Kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

"Tíì ni mò ń sè."

"Nílẹ̀?"

"Ìdáná ló ga jù," ni Àjàní wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà pẹ́. Ìbídàpọ̀ kúnlẹ̀, ó gbá a mú léjìká títí tó fi rọlẹ̀. Eruku ilé iṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, Ìbídàpọ̀ á gbé e sórí ọkọ̀ ìwọ́ tí wọ́n fi ń kó igi ìdáná, á wọ́ ọ gba orí yìnyín lọ sí ilé ìmí, wọ́n á bá a fọ inú rẹ̀ mọ́, òun á sì tún wọ́ ọ padà.

"Láti ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ yẹn bá wá," Àjàní wí nígbà tí ohùn rẹ̀ padà. "Mo ní kí n dán ara mi wò, bóyá mo lè dá wà."

"Ẹ wá rí i?"

"Mo rí i pé tíì kì í ṣe oúnjẹ gidi."

Ẹ̀rín pa á, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àjọkẹ́," ọkọ rẹ̀ pè é ní oríkì rẹ̀, bó ti máa ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wúwo. "Bá wọn lọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Gbọ́ ná. Bí o ò bá lọ, igi á kú. Bí igi bá kú, ebu á dá. Bí ebu bá dá, ọkọ̀ ò ní yà síbí mọ́, ilé ìmí á sì tìlẹ̀kùn. Ibo lo wá fẹ́ máa wọ́ mi lọ?"

"Bí mo bá lọ, ta ni á wọ́ yín lọ lọ́túnla?"

Ẹniọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní ìlú tó léfòó lójú òkun, ìrìn oṣù méjì síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ṣeun, ṣùgbọ́n oore ọjọ́ kan yàtọ̀ sí oore ọdún mẹ́ta. Ìbídàpọ̀ jókòó tì í nílẹ̀. Ó bu tíì náà sínú ife, ó mu ún. Tíì ọ̀hún kò gbóná, kò sì dùn, ó mu ún tán pátápátá.

Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn èèyàn nínú ebu. Èéfín ń gòkè lára agbada, oyin ń hó, gbogbo ojú ló ń wò ó. Mosúnmọ́lá náà wà níbẹ̀. Ó ní òfin fàyè gba ẹlòmíràn, bó bá jẹ́ ẹni tó mọ igi wọ̀nyẹn. Wọ́n á di í lójú, wọ́n á gbé ife omi igi méje fún un, bó bá lè fi ẹnu dá márùn-ún mọ̀, ó yege. Ohun kan ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn: olóko gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ewé bàbà lé e lọ́wọ́.

"Èmi á gbìyànjú," ni Olúdáre wí, ọkùnrin tó ti ń dáná ebu fún ọdún méjìlá.

"Èmi náà," ni tíṣà ilé ẹ̀kọ́ wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n pé sínú oko. Òru ti dì dáadáa, oòrùn sì yọ wẹliwẹli, ni omi bá ń sun bí ẹni pé àwọn igi mọ̀ pé ọjọ́ ìkẹyìn nìyẹn. Olúdáre mọ méjì nínú méje. Ó ní òun mọ igi bó bá ti di ìdáná, òun ò mọ̀ ọ́n lómi. Tíṣà mọ ẹyọ kan, ó sì mu gbogbo ife méjèèje tán, ó ní ó dùn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Mosúnmọ́lá wo oòrùn. Ìbídàpọ̀ ti ń ro bí òun yóò ṣe di ẹrù òun, àti ohun tí òun yóò sọ fún Àjàní, nígbà tó rí i pé àwọn èèyàn ń ya ọ̀nà fún ẹnì kan.

Ìyá Bándélé ni.

Ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ wọlé ọkọ lọ́dún kan náà ni, ṣùgbọ́n ó pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ti kíra kẹ́yìn. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn náà ni Ìbídàpọ̀ rí ojú ẹsẹ̀ nínú yìnyín oko rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, láti ara igi kan dé òmíràn. Ó dúró láàárín ebu, ó ní olè ń bẹ ní Òkè-Adùn, ojú Ìyá Bándélé ló sì ń wò bó ti ń sọ ọ́. Ìyá Bándélé kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó jáde, kò sì wọ ebu náà mọ́.

"Kí lo wá ṣe?" Ìbídàpọ̀ béèrè.

"Mo wá tọ́ omi wò."

Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ara rẹ̀ lójú, ó na ọwọ́. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ìbídàpọ̀ kò mọ̀ pé ó ti funfun tó bẹ́ẹ̀.

Agbégi gbé ife àkọ́kọ́ fún un pẹ̀lú ìka rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ.

"Sùúrù," ni Ìyá Bándélé wí.

Ó gba èkejì, ó fi kan ètè. "Alágídí. Ẹ̀yìn ni ẹ ti lù ú lọ́dún yìí. Kò fẹ́ ẹ̀yìn."

Ojú Ìbídàpọ̀ là. Òótọ́ ni, ẹ̀yìn ló ti lù ú, ó sì ti ń kábàámọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ kẹta.

"Ọmọ́yẹ. Eléyìí, Abẹ́rẹ́ ni. Arúgbó nìyí, ó ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó sinmi. Eléyìí Títílọlá ni, ẹni tó wà létí òkúta."

Ó gba ife keje. Ó mu ún. Ó tún mu díẹ̀ sí i, ó gbọn orí. "Igi méjì lẹ pò pọ̀ síbí. Òjòwú ni, pẹ̀lú èyí tó ń jowú sí."

"Òótọ́ ni," ni Agbégi wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Gbogbo ará Òkè-Adùn tó dúró níbẹ̀ ló mọ ìtàn ojú ẹsẹ̀ inú yìnyín, wọ́n sì ń so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lọ́kàn wọn. Mosúnmọ́lá tó jẹ́ àlejò nìkan ni kò mọ̀. "Ẹ kú ọpọlọ, mà! Báwo lẹ ṣe mọ̀ wọ́n tó báyìí?"

Ìyá Bándélé kò tú gèlè ojú rẹ̀. Ó dàbí ẹni pé ó rọrùn fún un láti sọ ọ́ nínú òkùnkùn yẹn. "Olè ni mí," ó wí. "Ẹnu kan ṣoṣo ni mo máa ń mu lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò gbé korobá rí, mi ò sè é rí. Igi mọ́kànlá ni mo ní. Ọdún tí Baba Bándélé kú ni kòkòrò jẹ gbogbo wọn tán. Láti ìgbà náà, bí omi bá ti ń sun, ẹsẹ̀ mi kì í gbélé."

Ọdún márùn-ún! Gbogbo àárọ̀ tí Ìbídàpọ̀ fi dúró nínú oko yìí, tó ń gégùn-ún fún ẹni tó ń tẹ yìnyín òun! Ó rìn lọ bá a, kò sì mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe títí tó fi bá a lórí gèlè, tó ń tú u. Ojú Ìyá Bándélé tutù fún omijé.

"Kí ló dé tó ò bi mí?"

"Tí mo bá bi ọ́, wàá fún mi."

"Màá fún ọ!"

"Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ kó o fún mi. Fún ìṣẹ́jú kan láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo fẹ́ kó dà bíi pé tèmi ni."

Ìbídàpọ̀ di ewé bàbà mú nínú àpò rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé bí ó ti fẹ́ tó kí ẹnì kan yege, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ jáde. Bí kò bá sí ẹni tó mọ igi wọ̀nyí ju òun lọ, ìyà náà tóbi, ṣùgbọ́n ìyà tirẹ̀ ni. Níbo ni yóò wà nígbà tí Sùúrù bá ń sun nílẹ̀ òkèèrè, tí ọwọ́ ẹlòmíràn sì ń gba omi rẹ̀? Obìnrin yìí ti gba ẹnu kan lára wọn láìbéèrè. Ṣé kó wá gbé gbogbo rẹ̀ fún un báyìí?

Ó wo Ìyá Bándélé dáadáa. Ó wo ìka rẹ̀ tó ti ń ká kò, ó wo gèlè tó ti gbó. Obìnrin yìí mọ̀ pé ẹ̀yìn kò bá Alágídí lára mu. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Ó na ewé náà sí i. "Gbà."

"Ìbídàpọ̀."

"Mo ní kó o gbà á, kí n tó yí ọkàn padà."

Wọ́n jọ rìn yí oko náà ká ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bí àwọn Agbégi yòókù ti ń dé ní méjì-méjì láti ojú ọ̀nà. Ìbídàpọ̀ ń fi ìka tọ́ka, ó ń ṣàlàyé. Ọmọ́yẹ kì í fẹ́ kí wọ́n lu òun ju ibi kan lọ.

"Mo mọ̀," ni Ìyá Bándélé wí.

Abẹ́rẹ́ máa ń mu omi ju bó ti rí lọ.

"Mo mọ̀."

"Ó dáa, kí lo ò mọ̀?" Ìbídàpọ̀ dúró, ó fọwọ́ sí ìbàdí. "Ṣé o mọ ohun tí ìyá ọkọ mi sọ fún mi nípa igi tí wọ́n bá ṣí nípò? Ó ní ìyàwó tuntun ni. Wọn kì í rán ìyàwó tuntun lómi níjọ́ tó wọlé. Má lu ìkankan nínú wọn lọ́dún àkọ́kọ́. Ohun yòówù kí Àjọ wí, má lù wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n jẹun nínú ilé ná."

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀," ni Ìyá Bándélé wí.

"Oyin tó wà nínú ebu á tó wa lò fún ọdún kan. Ọdún kejì, kó o lù wọ́n díẹ̀, kó o máa fi oyin wọn ránṣẹ́ sí ebu, kí ọkọ̀ lè máa yà síbí."

"Korobá oyin àkọ́kọ́, ilé ìmí ni màá fi ránṣẹ́ sí."

"Fi orúkọ rẹ sára ẹ̀," ni Ìbídàpọ̀ wí. "Kí ọlọ́kọ̀ mọ ẹni tó sè é."

Nígbà tí oòrùn ń yí lọ sí ìwọ̀, àwọn Agbégi gbé àwọn igi náà. Wọn kò fà wọ́n tu gẹ́gẹ́ bí Ìbídàpọ̀ ti ń bẹ̀rù. Wọ́n wa ilẹ̀ lábẹ́ wọn jẹ́jẹ́, wọ́n gbé igi pẹ̀lú erùpẹ̀ pẹ̀lú yìnyín ìdí rẹ̀, bí ìyá ti ń gbé ọmọ tó sùn kí ó má baà jí. Igi mẹ́tàlélógójì dúró lóòró láìwó, wọ́n ń rìn gba ojú pópó Òkè-Adùn. Àwọn èèyàn jáde sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà ọkùnrin ṣí fìlà. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sókè kó lè fọwọ́ kan ẹ̀ka tó ń kọjá.

Ìyá Bándélé ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sùúrù, ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀, àpò ẹrù kan ṣoṣo ló gbé kọ́ èjìká. Mosúnmọ́lá ń rìn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilé parí sí, Ìyá Bándélé bojú wẹ̀yìn.

"Bá mi kí Baba Ẹniọlá!"

"Wọ́n á gbọ́!" Ìbídàpọ̀ kígbe. "Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì o! Òkè lọ́hùn-ún tutù!"

Ó dúró síbẹ̀ títí kò fi rí ẹ̀ka kankan mọ́. Lẹ́yìn náà ló padà sílé, tó fọ ojú, tó sì sọ fún Àjàní pé wọ́n ti lọ.

"Ta ló bá wọn lọ?"

"Ìyá Bándélé."

Àjàní ní kó gbé òun jáde, òun fẹ́ rí oko náà. Ìbídàpọ̀ ní òtútù á mú un. Ó ní kí òtútù mú òun. Ni Ìbídàpọ̀ bá fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e sórí ọkọ̀ ìwọ́, ó gbé igbá afẹ́fẹ́ rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, ó sì wọ́ ọ gba ẹ̀yìnkùlé.

Ihò mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ilẹ̀ náà, erùpẹ̀ dúdú láàárín yìnyín funfun. Ìbídàpọ̀ kò fẹ́ wò ó. Aṣọ ọkọ rẹ̀ ló ń tún ṣe, ló bá gbọ́ tó wí pé:

"Kí nìyẹn?"

"Èwo?"

"Ìyẹn tó ń tàn lọ́hùn-ún."

Ó gbójú sókè. Níwájú wọn, níbi tí igi ti dí ojú fún ọgọ́rin ọdún, ilẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, adágún ńlá kan sì tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ náà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lójú omi rẹ̀, ó pupa bí epo. Ẹyẹ funfun kan ń rá bàbà lókè rẹ̀.

"Adágún ni," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ.

"Láti ilé wa?" Àjàní ti gbé nínú ilé náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. "Àjọkẹ́, láti ẹ̀yìnkùlé wa?"

"Láti ẹ̀yìnkùlé wa."

Afẹ́fẹ́ fẹ́, ó tutù, ó mọ́. Ìbídàpọ̀ ní kí àwọn máa wọlé kí ikọ́ má baà gbé e. Ọkọ rẹ̀ ní kó jẹ́ kí àwọn wò ó díẹ̀ sí i. Ìbídàpọ̀ jókòó sí etí ọkọ̀ ìwọ́ náà, ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ méjèèjì sórí itan ara rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra wọ́n kí wọ́n lè móoru, wọ́n sì jọ ń wo omi náà.